Ọjọ́ Tí Bàbá Atukọ̀ Ní Ká Dúró

Oko bàbá mi wà ní òdìkejì omi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a, kò sí omi kankan níbẹ̀ ju odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí èèyàn lè ká ṣòkòtò sókè kó sì là á kọjá. Ìgbà tí ìjọba sé odò náà kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu ni omi bá tàn ká. Ó gba àfonífojì, ó gba ọ̀nà oko, ó sì ká àwọn igi mọ́ àárín títí wọ́n fi kú, tí wọ́n gbẹ lóòró. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká láti Ìlá, bó tilẹ̀ jáde kí oòrùn tó yọ, ọ̀sán yóò pọ́n kó tó dé oko. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko wọn sílẹ̀. Bàbá mi kò fi tiwọn sílẹ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń sọ pé ilẹ̀ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbàgbé ohun tí a bá kọ́ ọ.

Bàbá kan ló ń tu wa kọjá. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé létí odò Ọya lápá Jẹ́bà nígbà èwe wọn, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ títù lọ́dọ̀ àwọn Tápà. Nígbà tí omi wá bá wa nílé, àwọn nìkan ni àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ kò ṣàjèjì sí lọ́wọ́. Bàbá atukọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì pọ̀.

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ ọkọ̀ wọn, mo fò láti orí bèbè bọ́ sí etí ọkọ̀. Ọkọ̀ fì, omi bù wọlé, ó sì ta sí ọmọ tí obìnrin kan pọ̀n. Bàbá atukọ̀ kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi rọlẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀."

Mo kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀, mo kí wọn.

"Ó yá, bèèrè ibi tí wàá gbẹ́sẹ̀ lé."

Mo ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ nígbà yẹn. Tíṣà lèmi náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò gbé orí sókè títí a fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí àwọn tí mo bá níbẹ̀, kí n sì bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ mi yóò bọ́ sí.

Bí mo ṣe ń bá wọn sọdá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń kọ́ ìwà omi díẹ̀díẹ̀. Láàárín àwọn igi gbígbẹ náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ọkọ̀ lè gbà láìkọlu kùkùté, kò sì fẹ̀ tó ọkọ̀ méjì. Bí a bá pàdé ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, èyí tó ṣófo ni yóò fà sẹ́yìn fún èyí tó rẹrù, kódà bó jẹ́ èyí tó ṣófo ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá atukọ̀ ní ẹni tó rẹrù kò lè yà bó ṣe wù ú. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, wọn yóò gbé àjẹ̀ sókè, ọkọ̀ yóò máa rọra sún fúnra rẹ̀, kí ìgbì wa má baà da omi wọn rú. Níbi tí akèrègbè bá ti léfòó, wọn yóò yí i ká lọ́nà jíjìn, nítorí àwọ̀n ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ ká ké pe ẹni tó wà ní òdìkejì. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ariwo lórí omi yóò rò pé èèyàn ń kú ni.

Wọ́n tún máa ń wo àwọn lékeléke. Orí igi gbígbẹ wọ̀nyẹn ni àwọn ẹyẹ náà ń bà sí. Bí wọ́n bá ti fi igi sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú koríko létí omi, àmì ìjì nìyẹn, bàbá atukọ̀ yóò fa ọkọ̀ wọn sókè, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò mú wọn tì í padà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìsinmi Àjíǹde ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlá ti gba ìsinmi, mo sì wálé láti ran àwọn òbí mi lọ́wọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀. Àwa mẹ́ta la sọdá láàárọ̀ ọjọ́ náà: bàbá mi, ìyá mi àti èmi. Bàbá mi ń fi koríko bo orí ebè iṣu, èmi àti ìyá mi sì ń gbin àgbàdo sí àárín rẹ̀. Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí mo rí i pé bàbá mi ti jókòó sórí ebè. Wọn kì í jókòó sórí ebè. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn, òógùn ti bo ojú wọn, ọwọ́ wọn sì wà láyà.

"Ó dà bíi pé nǹkan kan jókòó sí mi láyà," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Èmi àti ìyá mi fi wọ́n sáàárín, a dì wọ́n mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. A kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí orúnkún wọn fi yẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n wọ́n. Bàbá mi kò wúwo. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kò wúwo.

Àtíbàbà kan wà létí omi, ibẹ̀ la ti bá bàbá atukọ̀. Apẹja kan náà wà níbẹ̀, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. A tẹ́ ẹní, a tẹ́ bàbá mi sórí rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú dùdù lápá Òkè-Ìlá, kò sì sí lékeléke kan lórí igi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tètè sọdá," ni mo wí.

Bàbá atukọ̀ wo bàbá mi, wọ́n wo òkè, wọ́n tún wo omi. "Tíṣà kò lè jókòó," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, bí ìgbì bá bu omi sí i, ojú rẹ̀ ni omi yóò kọ́kọ́ bá."

Mo ní kí wọ́n gbé bàbá mi nìkan, kí èmi àti ìyá mi dúró.

"Ta ni yóò di orí wọn mú? Ta ni yóò máa gbọ́n omi? Ọwọ́ méjì ni mo ní, àjẹ̀ ló wà nínú rẹ̀."

Wọ́n yíjú sí apẹja náà. Wọ́n ní ọkọ̀ tirẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò wà nínú rẹ̀, ó sì mọ omi wẹ̀. Kó sáré kọjá kí ìjì tó dé, kó lọ bá wa wá mọ́tò sí èbúté. Apẹja náà kò jiyàn. Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, ó lọ.

Mo rántí tapólì tí a fi ń bo ẹ̀wà nínú ahéré. Mo sáré lọ mú un, kí òjò má baà pa bàbá mi. Nígbà tí mo fi dé, afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá atukọ̀ ti fa ọkọ̀ sókè, wọ́n jókòó sí ìgbèrí bàbá mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ibi tí òjò ń gbà wọlé.

"A ó dúró," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ tán lẹ́nu mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò sọ sí àgbà rí. Mo ní, "Ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ó ń bà mí," ni wọ́n dáhùn.

Ìyá mi di ẹsẹ̀ bàbá mi mú, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Ìjì náà jà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Omi funfun lókè, ó dúdú nísàlẹ̀, àwọn ẹ̀ka igi gbígbẹ ń ya, wọ́n ń já bọ́ sínú rẹ̀. Bàbá mi ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà ń jìnnà síra. Bí ìjì ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, bàbá atukọ̀ dìde, a gbé bàbá mi sínú ọkọ̀, orí wọn wà lórí itan ìyá mi, èmi sì ń fi igbá gbọ́n omi. N kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni tukọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Iṣan ọrùn bàbá arúgbó yẹn yọ bí okùn. Mọ́tò ti wà ní èbúté, apẹja náà dúró tì í.

Bàbá mi kú bí a ṣe ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kàn wọ́n mi orí, ó ní, "Ẹ kò tètè gbé wọn wá." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Àánú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọmọ méjì péré làwọn òbí mi bí. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà náà. Ọjọ́ kejì ló wọlé. Kò tíì gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Mo sọ fún un. Mo ní bàbá atukọ̀ ni kò gbà láti gbé wa kọjá. Mo ní apẹja kan sọdá ní wákàtí yẹn gan-an, kò sì sí ohun tó ṣe é. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, n kò sì rí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu mi ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin bàbá mi, bàbá atukọ̀ wá. Wọ́n wọ dàńṣíkí funfun kan tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ń tàn, wọ́n sì lọ jókòó sí ìpẹ̀kun àga. Àbúrò mi rí wọn. Ó dìde láàárín èèyàn, ó lọ dúró níwájú wọn.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi."

Bàbá atukọ̀ wo ojú rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Wọ́n sì lọ. Ìyá mi kò gbé orí sókè.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tàn ní ìlú wa. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn yí omi ká. Àwọn mìíràn lọ ń wọ ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lókè odò, ẹni tí kì í kọ èrò, tí kì í sì í wo ojú ọ̀run. Ìgbà mìíràn wà tí bàbá atukọ̀ yóò jókòó sínú àtíbàbà tó wà ní èbúté láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrí ẹnì kan gbé. Bí mo bá pàdé wọn lọ́nà ọjà, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí mi. Mo máa ń dáhùn lóòró, láìkúnlẹ̀, èmi tí bàbá mi tọ́.

Oṣù Kejìlá dé, àbúrò mi wálé fún Kérésì. Iṣu bàbá mi ṣì wà nínú ilẹ̀. Ó ní òun yóò wá àwọn alágbàṣe tí yóò fẹsẹ̀ rìn yí omi ká lọ wà á, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún wọ ọkọ̀ ìkà yẹn nílé wa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. A ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, èmi àti òun ti dìde. Ìyá mi kò dìde.

"Ẹ jókòó," ni wọ́n wí.

A jókòó.

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ mú tapólì lọ́jọ́ náà, bàbá atukọ̀ bi bàbá yín léèrè. Wọ́n ní, 'Tíṣà, mo lè gbìyànjú rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?' Ara bàbá yín kò le mọ́, ṣùgbọ́n iyè wọn pé. Wọ́n ní, 'Dúró. Ibi tí mò ń lọ ti sún mọ́. Má ṣe kó àwọn méjèèjì yìí tẹ̀lé mi.'"

Àbúrò mi ní, "Màmá."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ó yẹ kí n sọ pé, ẹ jẹ́ ká lọ, ohun tó bá ṣe yín kó ṣe èmi náà. Ọkọ mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo wo omi, ẹ̀rù sì bà mí. Inú mi dùn pé wọ́n ní ká dúró. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ nígbà tí o ń bú bàbá arúgbó yẹn lójú èèyàn. Bí mo bá ní bàbá yín ló ní ká dúró, ẹ ó bi mí pé, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ? Oṣù kẹjọ rèé tí bàbá atukọ̀ ti ń bá mi ru ẹrù mi."

Wọn kò sunkún. Wọ́n gbé ìwé orin wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Èmi àti àbúrò mi jókòó síbẹ̀, a kò lè wo ojú ara wa.

Nígbà tó yá, ó dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu ọyẹ́ bo òdìkejì omi, a kò rí i. Bàbá atukọ̀ jókòó nínú àtíbàbà èbúté, wọ́n fi aṣọ bora, wọ́n ń fi òwú àti oje igi dí ojú ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń jò. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí fún un. "Ilẹ̀ tutù."

Kò dìde. "Bàbá, màmá ti sọ fún wa. Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́?"

Bàbá atukọ̀ gbé òwú ọwọ́ wọn kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ta ni n bá pè lẹ́rìí? Ẹni tó sọ ọ́ ti lọ. Èkejì ń ṣọ̀fọ̀. Àti pé bí mo bá sọ ọ́, tí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ yìí yóò máa rò pé nítorí tòun ni bàbá òun ṣe kú. Ó ṣì kéré fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún bàbá mi dáadáa. Ní ilé ìwòsàn àti ní itẹ́ òkú, ìbínú ni mo fi ń sunkún.

"Bàbá," ni mo wí, "ká ní a sọdá lọ́jọ́ náà, ṣé à bá dé?"

"N kò mọ̀," ni wọ́n wí. "Apẹja dé. Bóyá àwa náà ì bá dé. Mo máa ń rò ó bí mo bá jókòó síbí. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lónìí, n ó tún dúró. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀."

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi, mo sì ti wàásù fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò lóǹkà, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó ṣòótọ́ tó ìyẹn.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀, a lọ wa iṣu. Ìyá mi náà wá. Wọ́n wọ aṣọ dúdú wọn, wọ́n jókòó sáàárín ọkọ̀, wọ́n sì kí bàbá atukọ̀ sókè ketekete, kí àwọn tó wà ní èbúté lè gbọ́. Ẹnì kan nínú àwọn tó ń lọ sókè odò dúró, ó wò wá, ó padà wá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa.

Iṣu náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Koríko ti bo ebè mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ wọ́n dáadáa, iṣu inú wọn sì tóbi. A wà á títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí a kó o dé etí omi, bàbá atukọ̀ wò ó, wọ́n yọ nǹkan bí ìlàjì sọ́tọ̀ lórí bèbè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni wọ́n wí. "Kí ẹnì kan dúró ti ìyókù."

Èmi ni mo fẹ́ dúró, àbúrò mi kò gbà. Ó ní kí n bá màmá lọ. Nígbà tí a dé àárín igi gbígbẹ, a pàdé ọkọ̀ kan tó ṣófo, ó fà sẹ́yìn fún wa, bàbá atukọ̀ sì gbé àjẹ̀ sókè kí ẹni inú rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Àbúrò mi ti jókòó sílẹ̀ láàárín iṣu bàbá wa, ó ká apá rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wò wá lọ.